Wọn ò bi Sada léèrè

Ilé kan wà ní Notting Hill Gate, ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ojú mi mọ̀ fún ọdún púpọ̀ kí n tó mọ ohun tó jẹ́. Àárọ̀ kùtù ni mo máa ń gba ibẹ̀ kọjá, tí mo bá ń ti iṣẹ́ òru bọ̀, tí oorun ń kùn mí. Ó wà ní igun títì, ó ní òrùlé róbótó kan lókè tó dé e bí fìlà. Coronet ni wọ́n ń pè é. Ọdún 1898 ni wọ́n ṣí i fún eré orí ìtàgé. Nígbà tó yá, ó di ilé sinimá, ìjọ onígbàgbọ́ kan sì tún rà á kí ó tó padà di ilé eré. Gbogbo ìyẹn kò kàn mí nígbà náà. Ibi tí mo ti ń dúró de bọ́ọ̀sì ni.

Ìgbà tí mo kà á pé ní ọdún 1900, obìnrin Jàpáànì kan jó nínú ilé yẹn, ó kú lójú gbogbo ènìyàn, ó sì tún dìde wá gba àtẹ́wọ́, ni mo tó gbójú sókè wo òrùlé náà dáadáa. Kawakami Sadayakko lorúkọ rẹ̀. Sada Yacco ni àwọn òyìnbó ń pè é. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá a kiri nínú ìwé, bí ẹni tó ń wá mọ̀lẹ́bí tó sọnù.

Ní Nihonbashi, láàárín ìlú Tokyo, ni wọ́n bí i ní oṣù Keje ọdún 1871. Òun ni àbígbẹ̀yìn ọmọ méjìlá. Ilé wọn ti lówó rí, ṣùgbọ́n owó náà ti ń yọ́ bí iyọ̀. Kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́jọ tó fi di ọmọ àgbàtọ́ ẹlòmíì, obìnrin kan tó ni ilé geisha ní àdúgbò Yoshicho. Geisha kì í ṣe aṣẹ́wó bí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe rò. Obìnrin tí wọ́n fi ọdún púpọ̀ kọ́ ní ijó, orin, shamisen olókùn mẹ́ta àti bí a ti ń dá ẹni ńlá lára yá ni. Ṣùgbọ́n ilé náà ná owó lé e lórí, owó náà sì gbọ́dọ̀ padà. Nígbà tó tó nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, Ito Hirobumi, ẹni àkọ́kọ́ tó di olórí ìjọba nílẹ̀ Jàpáànì lábẹ́ ètò tuntun, ló sanwó láti jẹ́ ọkùnrin àkọ́kọ́ tí yóò mọ̀ ọ́n. Baba náà ti kọjá ogójì ọdún. Àwọn tó kọ ìtàn náà sábà máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé ọlá ni: ẹ wo irú ènìyàn tó gbà á! Èmi ò lè kà á bẹ́ẹ̀. Ọmọdé ni. Wọn ò bi í léèrè.

Lábẹ́ ọkùnrin yìí ló ti kọ́ ohun tí ọmọbìnrin kì í sábà kọ́ nígbà náà. Ó ń gun ẹṣin, ó ń lúwẹ̀ẹ́, ó tilẹ̀ kọ́ judo. Orí ẹṣin ló wà lọ́jọ́ tí àwọn ajá ìgboro yí i ká, tí akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń jẹ́ Momosuke sì lé wọn lọ. Wọ́n fẹ́ràn ara wọn. Ṣùgbọ́n aláìní ni Momosuke. Fukuzawa Yukichi, gbajúgbajà olùkọ́ ìgbà náà, gbà á sínú ìdílé rẹ̀, ó rán an lọ sí Amẹ́ríkà lọ kàwé, nígbà tó sì dé, ọmọbìnrin Fukuzawa ló fẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi orúkọ Momosuke pamọ́ fún mi, a ó padà sọ́dọ̀ rẹ̀.

Ẹni tí Sada fúnra rẹ̀ yàn ni Kawakami Otojiro. Ibí yìí ni inú mi ti kọ́kọ́ dùn fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wàhálà ni ọkùnrin náà. Ọmọ Hakata ni, wọ́n bí i ní 1864, ó sì sá nílé lọ di ajàfẹ́tọ̀ọ́ tó ń bú ìjọba lójú agbo. Àìmọye ìgbà ni ọlọ́pàá tì í mọ́lé. Nígbà tí wọn ò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ mọ́, ó sọ ọ̀rọ̀ náà di orin. Ó we ọ̀já mọ́rí, ó mú abẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́, ó ń kọ orin kan tí wọ́n ń pè ní Oppekepe, tó fi ń bú àwọn olówó tó ń jẹ àjẹkì lásìkò ọ̀wọ́n ìrẹsì. Láti ìdí orin ló ti bọ́ sídìí eré. Nígbà tí ogun Jàpáànì àti Ṣáínà bẹ́ ní 1894, ó gbé ogun náà sórí ìtàgé pẹ̀lú ẹ̀tù àti èéfín, èrò sì ya bò ó. Ó kọ́ gbọ̀ngàn tirẹ̀ ní Tokyo ní 1896. Ó du ipò ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ó sì fìdí rẹmi. Gbèsè gba ilé eré náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tó ṣe lẹ́yìn náà, n kò mọ ohun tí ǹ bá pè é. Ní 1898, ó ra ọkọ̀ ojú omi kékeré kan, ó gbé ìyàwó rẹ̀ sínú rẹ̀, wọ́n sì kọrí sí òkun láti sá fún àwọn tó jẹ ní gbèsè. Ìjì gbá wọn síhìn-ín sọ́hùn-ún ní etíkun Jàpáànì fún ọ̀pọ̀ oṣù kí wọ́n tó gúnlẹ̀ sí Kobe. Sada bá a lọ. Obìnrin tí àwọn olówó Tokyo ń du láti gbọ́ ohùn rẹ̀ jókòó sínú ọkọ̀ tí omi ń wọ̀.

Ní 1899, ẹnì kan ní kí ẹgbẹ́ òṣèré Otojiro wá ṣeré ní Amẹ́ríkà. Sada bá wọn lọ gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ọ̀gá, kì í ṣe òṣèré. Wọ́n dé San Francisco, wọ́n sì rí àwòrán rẹ̀ gàgàrà lára ògiri, pé òun ni òṣèré àgbà. Ó kọ̀. Wọ́n ní àwọn ará Amẹ́ríkà kò ní sanwó láti wá wo ọkùnrin tó wọ aṣọ obìnrin. Wọ́n ti tẹ ìwé ìpolówó, orúkọ rẹ̀ sì ti wà níbẹ̀. Bó ṣe di òṣèré nìyẹn, nígbà tó ń lọ sí ẹni ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n. Ẹ̀ẹ̀kejì nìyí tí mo kà á nínú ìtàn rẹ̀ pé wọ́n ti ṣe ètò rẹ̀ tán kí wọ́n tó fi tó o létí.

Ẹni tí kò bá mọ ìtàn eré nílẹ̀ Jàpáànì lè bi mí pé kí ló le nínú ìyẹn. Obìnrin ló dá kabuki sílẹ̀, eré ìbílẹ̀ Jàpáànì tó pa ijó, orin àti ìtàn pọ̀. Okuni lorúkọ rẹ̀, ará Izumo, òun ló ń jó ní Kyoto ní nǹkan bí ọdún 1603 tí gbogbo ìlú fi ń dà lọ wò ó. Ní 1629, ìjọba fi òfin lé obìnrin kúrò lórí ìtàgé, wọ́n ní ìṣekúṣe ń tẹ̀ lé e. Láti ìgbà náà ló ti jẹ́ pé ọkùnrin ni ìyá, ọkùnrin ni ìyàwó, ọkùnrin náà ni ọmọge. Wọ́n ṣe é títí ó fi di iṣẹ́ ọnà tó jinlẹ̀, tí ọmọ ń jogún lọ́wọ́ baba. Òfin náà ti tú kí ọ̀rúndún kọkàndínlógún tó parí, ṣùgbọ́n ojú àwọn ènìyàn kò tíì ṣí. Obìnrin orí ìtàgé gidi ṣì jẹ́ èèwọ̀ lọ́kàn wọn. Ní ilẹ̀ òkèèrè, níbi tí kò ti sí aládùúgbò tó lè rí i, ni Sada ti gun orí rẹ̀.

Ẹni tí owó ìwọlé wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní San Francisco kó o sá lọ. Wọ́n lé wọn ní hòtẹ́ẹ̀lì, wọ́n gba ẹrù wọn. Ọmọbìnrin kékeré kan wà pẹ̀lú wọn, Tsuru, ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò Otojiro. Wọn ò lè bọ́ ọ mọ́. Wọ́n fi í sílẹ̀ fún ayàwòrán Jàpáànì kan tó ń gbé ní California, wọ́n sì ń bá tiwọn lọ. Tsuru Aoki yìí ló wá di òṣèré sinimá ní Hollywood nígbà tí sinimá ṣì jẹ́ aláìlóhùn, òun sì ni ìyàwó Sessue Hayakawa, òṣèré sinimá bíi tirẹ̀. Mo máa ń ronú nípa ọmọ yẹn lọ́jọ́ tí wọ́n dágbére fún un. Òun náà, wọn ò bi í.

Ní Chicago, ebi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n kú. Wọ́n bẹ ẹni tó ni gbọ̀ngàn kan títí ó fi gbà wọ́n láyè ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan. Wọ́n gbé ìhámọ́ra ogun wọ̀, wọ́n ń lu ìlù kiri ìgboro nínú òtútù kí èrò lè wá. Nígbà tí eré bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n dé ibi ìjà, àwọn tí wọ́n lù lulẹ̀ kò lè dìde mọ́. Ebi ni. Àwọn tó ń wòran rò pé eré ni, wọ́n pàtẹ́wọ́ títí. Otojiro ló sọ ìtàn yìí, Otojiro kì í sì í sọ̀rọ̀ láìfi iyọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n mo gbà á gbọ́. Ẹni tó bá ti fi ikùn òfìfo dúró lẹ́nu iṣẹ́ rí yóò mọ̀ pé irú ìtàn bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń jókòó hun.

Méjì nínú àwọn ọkùnrin tó ń ṣe ipò obìnrin kú ní Boston. Àìsàn dá Otojiro pàápàá wólẹ̀ níbẹ̀, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ṣe fún un. Bí àwọn ọkùnrin wọ̀nyẹn ṣe ń dínkù, bẹ́ẹ̀ ni ẹrù tó wà lórí Sada ń pọ̀ sí i. Láàárín oṣù díẹ̀, òun ni gbogbo eré náà.

Ọ̀nà wá là. Ààrẹ McKinley wò wọ́n ní Washington. Wọ́n ṣeré ní New York, wọ́n sọdá sí Lọ́ńdọ̀nù, ní Coronet tiwa yìí, ọmọ ọba Wales sì ní kí wọ́n wá ṣeré fún òun. Láti ibẹ̀, Paris, níbi Ìpàtẹ Àgbáyé ọdún 1900. Loie Fuller, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń fi iná oríṣiríṣi àwọ̀ jó pẹ̀lú aṣọ fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, ló gbà wọ́n sí gbọ̀ngàn kékeré tirẹ̀. Ibẹ̀ ni orúkọ Sada ti kan ojú ọ̀run. André Gide, òǹkọ̀wé ará Faransé, kọ̀wé nípa rẹ̀. Picasso ayàwòrán, tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, yà á. Àwọn obìnrin Paris ń ra kimono tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè. Nígbà tí wọ́n tún padà wá yí Yúróòpù ká, Puccini, olórin ará Ítálì, lọ wò ó ní Milan ní 1902, lásìkò tó ń kọ eré olórin rẹ̀ nípa obìnrin Jàpáànì tí òyìnbó já jù sílẹ̀.

Kí ni ó ṣe gan-an tí orí wọn fi wú? Otojiro ti gé ọ̀rọ̀ ẹnu kúrò nínú eré náà, torí kò sẹ́ni tó gbọ́ èdè wọn. Ó mú ìjà láti inú kabuki kan, ó mú ijó tẹ́ńpìlì Dojoji láti inú òmíràn, ó so wọ́n pọ̀, ó pè é ní eré geisha àti jagunjagun. Sada ló ń ṣe geisha tí olólùfẹ́ rẹ̀ kọ̀ sílẹ̀. Ó ń jó jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, lójijì irun rẹ̀ á tú, ojú rẹ̀ á yí padà, ìbínú á gbé e, yóò sì kú ní apá olólùfẹ́ náà. Ọ̀nà tó ń gbà kú ni gbogbo wọn ń sọ. Kò pariwo. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ dà bí ẹni pé ó ń fa kúrò lójú rẹ̀ lójú wọn.

Àwọn ọmọ Jàpáànì tó wà ní Yúróòpù nígbà náà kò dunnú sí i. Ojú tì wọ́n. Wọ́n ní èyí kì í ṣe kabuki, wọ́n ní àwọn alárìnkiri yìí ń ta àwòrán èké fún òyìnbó, geisha lásán sì ni obìnrin náà. Wọn ò purọ́ tán. Eré àgékù-àlẹ̀mọ́ ni lóòótọ́, Fuller sì tún ń fẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ máa ṣàn níbẹ̀ torí èrò. Ṣùgbọ́n mo ní ohun kan láti sọ sí i. Eré yòówù kó jẹ́, ara tó ń ṣe é kì í ṣe èké. Ijó tó fi ń jó, láti kékeré ló ti ń kọ́ ọ. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n fún un kí ó lè máa dá àwọn ọkùnrin lára yá nínú yàrá ọtí ló gbé jáde síta gbangba, tó sì fi di nǹkan mìíràn.

Nígbà tí wọ́n padà délé, kò fẹ́ ṣeré mọ́. Ó ṣeré ní òkèèrè torí ọ̀ràn dójú ẹ̀. Nílé, wọ́n mọ̀ ọ́n. Otojiro bẹ̀ ẹ́ títí. Ní oṣù Kejì ọdún 1903, ní gbọ̀ngàn Meiji-za ní Tokyo, Sada ṣe Desdemona, ìyàwó ọ̀gágun, nínú Othello, eré Shakespeare tí wọ́n ti yí padà, tí ọ̀gágun náà di ará Jàpáànì tí wọ́n rán lọ ṣàkóso ní Taiwan. Kò sí orin, kò sí ijó. Ọ̀rọ̀ lásán ni, bí ènìyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ sí ènìyàn. Wọ́n fi Merchant of Venice àti Hamlet tẹ̀ lé e lọ́dún yẹn kan náà. Wọ́n tún ṣe eré fún àwọn ọmọdé, ohun tí ẹnikẹ́ni kò kà sí iṣẹ́ rí.

Nísinsin yìí mo dé ibi tí mo ń bọ̀.

Ní 1907, ó padà sí Paris láti lọ wo bí wọ́n ṣe ń kọ́ òṣèré níbẹ̀. Nígbà tó dé, ní 1908, ó ṣí ilé ẹ̀kọ́ fún àwọn obìnrin tó fẹ́ ṣeré, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Jàpáànì. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún tó wá bẹ̀bẹ̀. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n mú, fún ẹ̀kọ́ ọdún méjì. Mo ka ìyẹn, mo sì dìde lórí àga. Ohun tó ṣe kókó lójú mi ni pé wọ́n *bẹ̀bẹ̀*. Wọ́n wá sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n sọ pé àwọn fẹ́ ẹ. Obìnrin tí ẹnikẹ́ni kò bi léèrè rí kọ́ ilé kan tó jẹ́ pé ìbéèrè ni wọ́n fi ń wọ ibẹ̀.

Ọ̀kan nínú wọn ni Mori Ritsuko. Ọmọ aṣòfin ni, ó ti kàwé ní ilé ìwé àwọn ọmọbìnrin tó gbajúmọ̀. Nígbà tí ilé ìwé náà gbọ́ pé ó ti di òṣèré, wọ́n pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ nínú ìwé àwọn tó jáde níbẹ̀.

Mo gbọ́dọ̀ dúró níbí díẹ̀. Àbúrò ìyá mi kan wà tó tẹ̀ lé ẹgbẹ́ eré alárìnkiri nígbà tó wà lọ́mọge. Wọ́n ń gbé ọkọ̀ láti ìlú dé ìlú, wọ́n ń sùn sí kíláàsì ilé ìwé, wọ́n ń ṣeré lábẹ́ iná jẹnẹrétọ̀. Mi ò gbọ́ èyí lẹ́nu rẹ̀ rí. Mo ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà tí wọ́n bá rẹ ohùn sílẹ̀: “Onítíátà.” Nígbà tí bàbá àgbà kú, tí wọ́n tẹ ìwé ètò ìsìnkú, gbogbo ọmọ ló wà níbẹ̀, àkọ́bí títí dé àbíkẹ́yìn, àfi òun. Wọ́n ní àṣìṣe àwọn atẹ̀wé ni. Kò sọ nǹkan kan. Ó ń gbé àwo oúnjẹ fún àlejò ní gbogbo ọjọ́ náà. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí, mo ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì láti wá orúkọ rẹ̀.

Otojiro kú ní ọjọ́ 11, oṣù Kọkànlá, ọdún 1911. Ọdún tó ṣáájú ni wọ́n ṣí gbọ̀ngàn wọn, Teikoku-za, ní Osaka. Nígbà tí ẹ̀mí fẹ́ bọ́, wọ́n gbé e lọ sórí ìtàgé náà, ibẹ̀ ló kú sí. Àwọn ènìyàn retí pé kí opó rẹ̀ gé irun, kó jókòó sílé. Sada ń ṣeré lọ. Ó ṣe Tosca, ó ṣe Salome. Àwọn oníwèé ìròyìn kò jẹ́ kó sinmi. Ní 1917, ó ṣe eré ìdágbére, ó sì kúrò níbẹ̀.

Bí ẹ bá ń ka ìtàn eré ìgbàlódé ní Jàpáànì, orúkọ tí wọ́n máa kọ́kọ́ fún yín ni Osanai Kaoru tó dá ẹgbẹ́ eré Jiyu Gekijo sílẹ̀ ní 1909, tàbí Matsui Sumako, obìnrin tó ṣe Nora nínú eré Ibsen, òǹkọ̀wé ará Norway, ní 1911. Mi ò ní kí wọ́n má gba ọlá tiwọn. Sumako fi gbogbo ẹ̀mí rẹ̀ ṣe é. Ṣùgbọ́n nígbà tí Osanai gbé Ibsen àkọ́kọ́ rẹ̀ sórí ìtàgé ní 1909, ọkùnrin ni wọ́n fi ṣe àwọn obìnrin inú rẹ̀. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn tí Sada ti ṣe Desdemona! Àwọn ọ̀mọ̀wé ni wọ́n, wọ́n ní ìwé lọ́wọ́, wọ́n ń kọ̀wé nípa ara wọn. Tọkọtaya Kawakami jẹ́ àwọn tó ti fi ìlù lílù kiri ìgboro wá oúnjẹ. Mo gbà pé ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ti orúkọ rẹ̀ sẹ́yìn títí di òní, kò sì tọ́.

Momosuke padà wá. Ó ti di olówó, òun ló ń kọ́ ìdídò fún iná mànàmáná lórí odò Kiso. Ìyàwó rẹ̀ ṣì wà láyé, ìlú sì ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n òun àti Sada jọ gbé ní Nagoya nínú ilé ńlá kan tó kún fún iná, èyí tí àlejò ṣì lè wọ̀ lọ wò títí di òní. Sada dá ilé iṣẹ́ aṣọ sílíìkì sílẹ̀ níbẹ̀. Ní 1924, nígbà tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ó tún kó àwọn ọmọdé jọ, ó dá ẹgbẹ́ eré sílẹ̀ fún wọn. Kò lè ṣe kó má ṣe é. Ní 1933 ó fi owó ara rẹ̀ kọ́ tẹ́ńpìlì kan, Teisho-ji, létí odò Kiso. Àrùn jẹjẹrẹ ló pa á ní Atami ní oṣù Kejìlá ọdún 1946, nígbà tí ogun ti run ìdajì ohun tó mọ̀. Ó ti ṣe ère idẹ fún Otojiro sí ibi ìsìnkú Yanaka ní Tokyo. Ìjọba kó idẹ náà lọ nígbà ogun. Òkúta tí ère náà dúró lé lórí nìkan ló kù níbẹ̀.

Ní ọjọ́ Sátidé tó kọjá, mo pe àbúrò ìyá mi lórí fóònù. Ó ti dàgbà, etí rẹ̀ kò gbọ́ dáadáa mọ́, mo ń pariwo. Mo sọ fún un nípa obìnrin Jàpáànì kan. Mo sọ ti Chicago fún un, bí àwọn òṣèré ṣe ṣubú tí wọn ò lè dìde, tí èrò ń pàtẹ́wọ́. Ó dákẹ́ títí mo fi rò pé fóònù ti gé.

Ó ní, “Àwa náà ṣe é rí. Ní Iléṣà.”

Mo ní, “Àǹtí, ẹ ò sọ ọ́ fún mi rí.”

Ó ní, “Ọmọ mi, o ò bi mí rí.”

Mo fa àga, mo jókòó, mo sì bi í.